Ẹ Mọ Ẹni Tí Yóò Ra Gààrí Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Ẹ̀rọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Wa

Mẹ́ta nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lóṣù yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìyẹn bí àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ìgbèríko ṣe lè fi ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìwádìí ọjà gbé òwò wọn ró. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo fún láàyè jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ gbèsè ti fẹ́ wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí wọn yóò tọwọ́ bọ̀wé kò sì jìnnà mọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin mẹ́rìnlá ni wá nínú ẹgbẹ́ wa ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, gààrí la sì ń ṣe. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ la ti ń lọ gbágùúdá wa, ó sì máa ń dá wa dúró títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ti wá ṣèlérí láti yá wa lówó kí a fi ra ẹ̀rọ ńlá tiwa, èyí tó lè lọ tọ́ọ̀nù kan ní wákàtí kan. Inú wa dùn sí i, àmọ́ ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí ọjà ná. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìyẹn? Báwo ni àwa tí a kò kàwé púpọ̀ ṣe fẹ́ ṣe é? — Ìyá Ọlọ́gààrí, agbègbè Ìsẹ́yìn.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sì bá mi kí ọmọ yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ìwádìí ọjà kì í ṣe nǹkan àjèjì sí yín rárá. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá bi alájàpá pé èló ni wọ́n ń ta kóńgò kan ní ìlú, ìwádìí ọjà lẹ ń ṣe. Ohun tó kù ni pé kí ẹ má ṣe fi ìdáhùn ẹnì kan ṣoṣo ṣe òpin ìwádìí, pàápàá ẹni tí yóò jèrè bí gààrí yín bá pọ̀kú, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ẹ bá gbọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1,000 kílò. Nínú 100 kílò gbágùúdá tútù, nǹkan bíi kílò 20 sí 25 ni gààrí tó máa ń jáde lẹ́yìn tí a bá ti bó o, tí a lọ̀ ọ́, tí a fún un, tí a sì yan án. Èyí já sí pé tọ́ọ̀nù kan yóò di nǹkan bí àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí àpò kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò 50. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà péré lójúmọ́, kí ó lè rówó san gbèsè ara rẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́fà ni yóò máa béèrè lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbágùúdá tí hẹ́kítà kan ń mú jáde lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà kì í sábà pé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, nítorí náà ẹ̀rọ yín yóò jẹ oko hẹ́kítà kan tán kí ọjọ́ kejì tó parí. Hẹ́kítà mélòó ni ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ní lápapọ̀? Ta ni yóò máa kó ìyókù wá fún yín, èló ni yóò sì gbà? Ẹ kò sì lè kó gbágùúdá jọ bí ẹni kó àgbàdo jọ, torí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí a bá ti wú u ni ìlà dúdú á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú rẹ̀.

Ẹ tún wo ìdí iná. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ jù mí lọ pé yíyan ló ń gba àkókò àti agbára jù nínú iṣẹ́ gààrí. Bí agbada tí ẹ ní bá jẹ́ mẹ́rin péré, ẹ̀rọ tó ń yára lọ gbágùúdá yóò kàn máa kó iṣẹ́ jọ dè yín ni, kò ní í mú kí àpò gààrí kan ṣoṣo lé sí i lọ́jọ́ ọjà. Mo ti dé abúlé kan rí tí wọ́n ti yá àwọn obìnrin lówó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìtàkùn sì ti gùn ún lórí nígbà tí mo débẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó bi àwọn obìnrin náà ní iye agbada tí wọ́n ní kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n ṣì ń san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní, òun ló sì fà á tí ìdáhùn yìí fi gùn.

Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ní kò ju òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tó ní ìkọ́ tí a fi ń gbé ẹrù kọ́, àti fóònù tí ó ti wà lọ́wọ́ yín. Ìdí tí mo fi dárúkọ òṣùwọ̀n ni pé kóńgò ọjà kan kì í bá kóńgò ọjà kejì dọ́gba. Ibòmíràn wà tí wọ́n máa ń bù ú kún yọ orí, ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti lu ìdí kóńgò wọnú. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kóńgò wọ́n ní Ìbàdàn ju Ìsẹ́yìn lọ, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín, àfi bí ẹ bá ra kóńgò kan ní ọjà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ wọ̀n ọ́n, tí ẹ sì ṣírò iye tí kílò kan jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìnáwó ojú ọ̀nà. Ká ní alájàpá ń ra àpò oníkílò 50 lọ́wọ́ yín ní 30,000 náírà, tí wọ́n sì ń tà á ní 36,000 náírà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Mo kàn fi iye wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ má ṣe pe 6,000 tó wà láàárín wọn ní èrè. Bí owó ọkọ̀ lórí àpò kan bá jẹ́ 2,500, tí ti alábàárù jẹ́ 500, tí owó ìlẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà jẹ́ 500, tí ẹni tó bá ẹrù lọ sì ná 500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan fún oúnjẹ àti ọkọ̀ àbọ̀, 2,000 náírà ló kù. Bí àpò náà bá jẹ́ ogún, 40,000 náírà nìyẹn, ó sì lè tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ rìn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ jókòó sílé kí ẹ tà á fún alájàpá yín. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ẹ rò pé ó ń rẹ́ yín jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ yín jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìṣirò yìí ni yóò fi hàn yín.

Nípa àìkàwé, ìyẹn kò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí ọmọ yín dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, níbi tí àwọn ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó yóò ti máa fi ohùn sọ iye owó ọjà tó sún mọ́ wọn, ní ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohùn ni wọn yóò fi ránṣẹ́, ohùn lẹ ó sì fi gbọ́. Ẹ wá ọmọ iléèwé kan tí yóò máa kọ iye wọ̀nyí sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ìwé náà sì máa gbé ní ọ̀dọ̀ akápò yín. Ẹ ṣe é fún ọjà mẹ́wàá, ó kéré tán. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ilẹ̀ máa ń le lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí wíwú gbágùúdá á di iṣẹ́ ńlá, nítorí náà iye tí ẹ bá kọ lásìkò òjò kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún gbogbo ọdún.

Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ bẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà kí wọ́n fún yín ní oṣù méjì sí i. Láàárín oṣù méjì náà, kí ẹni méjì nínú yín lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, ní Ìdófìàn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n fojú ara wọn rí àwọn ẹ̀rọ gààrí tó kéré sí èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, kí wọ́n sì béèrè iye epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, náà jẹ́ ibi tí ìmọ̀ nípa gbágùúdá pọ̀ sí, kò sì jìnnà sí yín. Ó ṣeé ṣe kí ẹ padà wálé kí ẹ sọ pé agbada mẹ́rin àti jáàkì tí a fi ń fún gààrí ni owó náà yóò bá lọ, kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọ̀ kankan.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé. Mo fẹ́ máa di gààrí màmá mi sínú ọ̀rá oníkílò kan kí n sì máa tà á lórí Facebook. Mo ti bi ogójì ènìyàn léèrè bóyá wọn yóò rà á, méjìdínlógójì ní àwọn yóò rà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀? — Ọlọ́jà Tuntun.

Ìdáhùn: Àbúrò, mo yìn ọ́ pé o béèrè, àmọ́ irú ìbéèrè tí o bi wọ́n kì í mú òótọ́ jáde. Ọmọlúàbí kì í wo ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kó ní òun kò ní í ra ọjà rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti ṣe rí ni kí o béèrè: ìgbà wo ni wọ́n ra gààrí kẹ́yìn, ibo ni wọ́n ti rà á, èló ni, ta ni ó lọ rà á, kí ni kò sì dùn mọ́ wọn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n san owó ọ̀rá kan sílẹ̀. Iye àwọn tó bá sanwó nínú àwọn méjìdínlógójì yẹn ni oníbàárà rẹ.

Má ṣe gbàgbé pé ẹnu yàtọ̀ síra. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan, tó gbẹ ṣáṣá, tí hóró rẹ̀ sì kéré, ni àwọn tó ń fi omi tútù mu ún ń wá kiri. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi tiwọn tẹ ẹ̀bà kò fẹ́ kí ó kan tó bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ẹdó àti Delta sì fẹ́ràn èyí tí a po epo pupa mọ́. Nítorí náà, má ṣe polówó fún gbogbo Nàìjíríà. Facebook fún ọ láyè láti yan ìlú tí ìpolówó rẹ yóò dé. Yan ìlú kan ṣoṣo, fi owó kékeré dán an wò, kí o sì ka iye ẹni tó rà á, má ṣe ka iye ẹni tó tẹ àmì pé ó wu àwọn.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ṣe pàtàkì gan-an. Ìlànà àgbáyé lórí gààrí, èyí tí wọ́n ń pè ní Codex, sọ pé omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí o bá di èyí tí kò gbẹ tó sínú ọ̀rá, yóò bu kí ó tó dé Èkó, gbogbo owó ìpolówó rẹ á sì ṣòfò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tó ti wà láti ọdún 1956, ni kí o lọ bá fún ọ̀rọ̀ bí a ti ń yan gààrí àti bí a ti ń dì í. Oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá tí a sì lẹ orúkọ mọ́ gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, nítorí náà ṣírò ìnáwó ìyẹn mọ́ ti ọ̀rá kí o tó dá iye tí o máa tà á.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní abúlé wa lẹ́bàá Ṣakí. Ọkùnrin kan ní tí mo bá san owó fún òun, òun yóò forúkọ òwò òrí tí mo ń ṣe sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí n lè rí ìrànwọ́ gbà. Ó tún béèrè BVN mi, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì fún mi. Ṣé kí n fún un? — Ìyá Olórí.

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá wa, ẹ má ṣe fún un. Ẹ má ṣe fún un ní BVN, ẹ má ṣe fún un ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ fi ń gbowó nínú báǹkì, ẹ má sì ṣe ka nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún un. SMEDAN ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ láti máa ran àwọn òwò kéékèèké lọ́wọ́. Ẹ ní kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán bá yín dé ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, kí ẹ sì gbọ́ láti ẹnu wọn bí ìforúkọsílẹ̀ ti rí. Àìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò dí ìwádìí yín lọ́wọ́, torí pé ìpè lásán tó láti fi béèrè iye owó òrí lọ́wọ́ oníbàárà mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta kí ẹ tó tà á. Bí ọkùnrin náà bá tún padà wá, ẹ ní kí ó kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti àdírẹ́sì ọ́fíìsì rẹ̀ sínú ìwé fún yín, kí ẹ sì mú ìwé náà dání lọ sí Ìbàdàn.