Handel àti Ìgbéyàwó Ọmọ Ọba Anne: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, orin Handel kò sì ṣàjèjì sí mi, nítorí kò sí ọdún Kérésìmesì tí a kì í kọ «Hallelujah». Àbúrò mi tí ó wà ní London fi síídì méjì kan ránṣẹ́ sí mi. Parnasso in festa ni orúkọ orin náà, èdè Ítálì ni wọ́n sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá a wá sọ pé serenata ni, àti pé Handel ṣe é láti fi yẹ́ ọmọ ọba kan sí nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Mo gbọ́ ọ títí, n kò gbọ́ orúkọ ọmọ ọba kankan níbẹ̀. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé orin àlòkù ni Handel kó jọ. Ṣé bí wọ́n ti ń yẹ́ ọmọ ọba sí nìyẹn? Kí ni ó sì yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀pẹ́rà, eré onítàn tí wọ́n ń fi orin ṣe? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ ọba tí ẹ ń wá wà nínú orin náà, aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Anne ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin Ọba George Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1734 ni wọ́n so ọ́ pọ̀ mọ́ William, Ọmọ Aládé Orange láti ilẹ̀ Netherlands, ní ààfin St James. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọba, ayaba àti àwọn ọmọ wọn lọ sí King's Theatre ní àdúgbò Haymarket láti gbọ́ orin tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ìtàn tí wọ́n gbé ka iwájú wọn ni ti ìgbéyàwó Thetis àti Peleus nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì. Thetis jẹ́ òrìṣà obìnrin tí ó ń gbé inú òkun, Peleus sì jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Kò sí ẹni tí ó jókòó sí gbọ̀ngàn náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn tí wọ́n ní láti ṣàlàyé fún pé ọmọ ọba ilẹ̀ tí ó gbójú lé agbára orí òkun ni Thetis dúró fún, àti pé Peleus ni ọkọ ìyàwó tí ipò rẹ̀ kò tó ti aya rẹ̀.

Mo mọ ibi tí ó ti ń dùn yín. Ní ààfin ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ń ki ọba kì í fi ẹni tí ó ń kì pamọ́: á dárúkọ rẹ̀, á ki í ti bàbá rẹ̀, á ki í ti bàbá-ńlá rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ògbólógbòó nínú iṣẹ́ náà, á ta ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kan mọ́ ọn tí ọba kò ní lè bínú sí. Àwọn tí ń ṣe serenata kò gba ọ̀nà yẹn. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a máa fi ojú kojú yìn, nítorí náà wọ́n á kó àwọn òrìṣà Gíríìkì jọ, wọ́n á jẹ́ kí àwọn yẹn máa yin ara wọn, ẹni tí a ń yẹ́ sí á sì jókòó síbẹ̀, á máa gbọ́ ara rẹ̀ láti ẹnu wọn. Apollo, òrìṣà orin, ni olórí àpéjọ orí òkè Parnassus yìí (òun ni Parnasso inú orúkọ orin náà), àwọn tí ó ni orin àti ewì sì yí i ká: Clio, Calliope, Orpheus àti àwọn yòókù. Ìgbà tí orin ń lọ sópin ni ohun tí wọ́n ń rọ̀gbà yí ká wá hàn, nígbà tí gbogbo akọrin jọ gbé «Lunga serie d'alti eroi», tí wọ́n ń tọrọ ìran àwọn akọni tí kò ní dópin fún tọkọtaya náà. Àdúrà ọmọ nìyẹn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe àmín sí. (Ẹni tí ó bá mọ ìtàn náà dáadáa yóò rántí pé níbi ìgbéyàwó Thetis yìí kan náà ni wọ́n ti ju èso ápù tí ó dá Ogun Troy sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà fò ó dá, mo sì rò pé ọgbọ́n ni ó fi ṣe é.)

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀pẹ́rà kò pọ̀. Ọ̀pẹ́rà ní ìtàn tí ń rìn, ibi ìṣeré rẹ̀ a sì máa yí padà: ààfin, igbó, ẹ̀wọ̀n. Serenata dúró sójú kan. Ìwé ìròyìn London ìgbà náà kọ ọ́ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n máa rí lórí ìtàgé, òkè Parnassus, tí Apollo àti àwọn tirẹ̀ jókòó lé lórí nínú aṣọ ẹ̀yẹ. Ọjọ́ ìbí, ìgbéyàwó àti àjọ̀dún àwọn ọlọ́ba ni wọ́n sábà ń ṣe irú orin yìí fún. Vivaldi, olórin ilẹ̀ Ítálì, náà ṣe ọ̀kan ní Venice nígbà tí Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé gbéyàwó ní 1725.

Ti orin àlòkù, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú Parnasso ni Handel mú láti inú Athalia, orin ńlá tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ní Oxford ní oṣù keje ọdún 1733. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Àwọn Ọba Kejì orí 11: ìtàn Ataláyà ni, obìnrin tí ó pa ìdílé ọba run kí ó lè gorí ìtẹ́, tí wọ́n sì fi Jóáṣì ọmọ kékeré pamọ́ fún un nínú tẹ́ńpìlì. Orin tí wọ́n fi sọ ìtàn ìpànìyàn àti ìrẹ̀sílẹ̀ ayaba burúkú ni Handel bọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára rẹ̀, tí ó fi ọ̀rọ̀ Ítálì wọ̀, tí ó sì gbé lọ sí ibi ìyàwó. Ṣùgbọ́n kí a tó pè é ní àìnáání, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀ràn ti rí. Àwọn ará London kò tíì gbọ́ Athalia rí, ọdún 1735 ni ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, orin tuntun ni fún gbogbo etí tí ó wà ní Haymarket lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì wà lára èyí tí ó dára jù lọ tí Handel ní nílé. Ẹ tún rántí pé Anne kì í ṣe àjèjì sí i: Handel ni ó kọ́ ọ ní orin, nígbà tí Ọmọ Aládé Frederick, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ ọ̀pẹ́rà mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1733 láti bá Handel figagbága, Anne dúró ti olùkọ́ rẹ̀. Ní tèmi, Handel kò fi ohun tí kò níye lórí ta akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ. Àwọn olówó ìlú pẹ̀lú gbà á, nítorí ó tún gbé e jáde ní 1737, nígbà tí ìyàwó ti kúrò nílé tipẹ́.

Bí síídì yín bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ agborinsílẹ̀ Hyperion, èyí tí ẹgbẹ́ The King's Consort ṣe lábẹ́ ìdarí Matthew Halls ní 2008, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lódindi. Diana Moore ni ó kọ Apollo níbẹ̀. Ẹ lè máa ṣe kàyéfì pé obìnrin ni ó ń ṣe òrìṣà ọkùnrin. Ní 1734, Giovanni Carestini ni ó kọ ọ́, ọkùnrin tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá láti kékeré kí ohùn rẹ̀ má baà ki. Wọn kì í ṣe irú ìwà ìkà bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gba orin yìí sílẹ̀ lónìí ní láti yan obìnrin, tàbí ọkùnrin tí ó mọ bí a ti ń fi ohùn òkè kọrin. Andrea Marcon yan èkejì nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ La Cetra láti Basel gbà á sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Pentatone, tí wọ́n gbé e jáde ní 2017: David Hansen ni Apollo, Kangmin Justin Kim sì ni Orpheus. Ti Halls ni mo fẹ́ràn jù, nítorí Carolyn Sampson tí ó kọ Clio àti Lucy Crowe tí ó kọ Orpheus.

Ẹ lọ gbọ́ «Ho perso il caro ben», níbi tí Orpheus ti ń sunkún aya rẹ̀ tí ó kú. Orpheus á gbé orin náà, àwọn akọrin á gbà á lẹ́nu rẹ̀ ní ohùn rírẹlẹ̀, wọ́n á jọ máa ṣọ̀fọ̀ náà lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń yára. Ta ni ó ń kọ orin ọ̀fọ̀ síwájú ìyàwó ọ̀la? Handel ni. Láìsí orin yìí ni, ayọ̀ tí ó kún inú ìyókù ìbá ti sú ènìyàn kí síídì àkọ́kọ́ tó parí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ni mí. Ọmọ alàgbà wa kan fẹ́ ṣègbéyàwó, mo sì fẹ́ kí a kọ lára Parnasso in festa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ó ṣeé ṣe? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: N kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Apollo àti àwọn òrìṣà Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dá lé, bí àlùfáà yín bá sì béèrè ìtumọ̀, ẹ ó wá ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn orin àdákọ rẹ̀ pẹ̀lú le gan-an, fún àwọn tí ó fi orin ṣe iṣẹ́ ni Handel kọ wọ́n.

Ṣùgbọ́n Handel fúnra rẹ̀ ti ṣe èyí tí ẹ ń wá. Fún ìsìn ìgbéyàwó Anne gan-an, ní ọjọ́ kejì serenata, ó ṣe orin ìsìn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, This Is the Day, inú Athalia kan náà ni ó sì ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Inú ìwé Sáàmù ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, ẹsẹ tí gbogbo ìjọ yín mọ̀ ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀: «Èyí ni ọjọ́ tí Olúwa dá». Bí ẹ kò bá ní fáólìn, dùùrù nìkan lè gbè é. Ẹ mú orin àjùmọ̀kọ kan tàbí méjì níbẹ̀, kí ẹ fi àwọn orin àdákọ sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìfidánrawò láìjáfara, pàápàá pẹ̀lú àwọn tí ń kọ ohùn ọkùnrin, nítorí Handel kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi.