Èsì: Ológbò tó ń tọ̀ sẹ́yìn àga

Ẹ̀gbọ́n mi l'Òkè-Fìà, ẹ ní akọ ológbò yín ti pa abọ́ iyanrìn rẹ̀ tì, ẹ̀yìn àga ló ń tọ̀ sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má nà án. Ẹ wo bó ṣe ń tọ̀ ná. Tó bá ń lóṣòó lemọ́lemọ́, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lónìí yìí! Ojú ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ 2. Tó bá ń dúró, tó na ìrù sókè, tó ń tọ̀ sára ògiri, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa kó ìgbẹ́ inú abọ́ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fi Jik nu ibẹ̀ o, èéfín òun àti ìtọ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.