Mo fi fáìlì .deb sórí kọ̀ǹpútà mi, kò parí, apt náà sì takú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Debian 12 (oríṣi Linux kan) ni mò ń lò. Mo gba fáìlì .deb kan sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì lo sudo dpkg -i (àṣẹ tó ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí ẹ̀rọ) fún un. Ó ní “dependency problems”, ìyẹn ni pé àwọn ohun tó gbára lé kò pé. Látìgbà náà, kò sí ohun tí mo ní kí apt (irinṣẹ́ tó ń wá sọ́fítíwíà wá tó sì ń fi í sórí ẹ̀rọ) fi sí i tó gbà. Ṣé kí n máa wá àwọn láíbúrárì (fáìlì tí sọ́fítíwíà máa ń yá lò) tó ní kò sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?

Ìdáhùn: Ẹ má wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti máa ń burú. Ọ̀kan á bèèrè òmíràn, ìyẹn á tún bèèrè ẹ̀kẹta, fáìlì tí kò bára mu á sì kún orí ẹ̀rọ yín.

Inú fáìlì .deb kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ orúkọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. dpkg lè ka àkọsílẹ̀ yẹn, àmọ́ kì í lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ wá ohunkóhun. Iṣẹ́ apt nìyẹn. dpkg tú ẹrù sílẹ̀, ó rí i pé nǹkan ò pé, ó dáwọ́ dúró. apt sì ní òun ò ní fi nǹkan mìíràn lé iṣẹ́ tí kò parí. Ẹ tẹ èyí:

sudo apt --fix-broken install

Ẹ má tíì tẹ Y. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó kọ síwájú yín dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kó àwọn tó kù wá ni, ẹ gbà fún un. Bí ẹ bá rí “The following packages will be REMOVED”, tó jẹ́ sọ́fítíwíà tuntun yẹn nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbà fún un bákan náà, apt á padà bọ̀ sípò. Bí orúkọ mìíràn bá wà níbẹ̀, N ni kí ẹ tẹ̀.

Bó bá yọ ọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ pẹ̀lú dpkg -I (lẹ́tà ńlá ni I yẹn) àti orúkọ fáìlì náà. Ẹ wo ìlà Depends. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi libc6 (>= 2.38), ìyẹn láíbúrárì ìpìlẹ̀ tí ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ti tẹ ohun tó fà á: 2.36 ni Debian 12 ní. Ẹ̀dà tó tuntun ju tiyín lọ ni wọ́n ṣe é fún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má torí ẹ̀ gbé libc6 láti ibòmíràn wọlé. Òun ni bash, ls àti ọ̀pọ̀ ètò tó kù gbára lé; bó bá dàrú, ẹ lè má ríbi wọlé mọ́ láti tún un ṣe. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún Debian 12, tàbí kí ẹ lo ti Flatpak (ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fi sọ́fítíwíà sórí Linux) bó bá wà. Flatpak ń gba àyè gan-an lórí díìsìkì, àmọ́ láíbúrárì tirẹ̀ ló ń lò, kì í fọwọ́ kan ti ẹ̀rọ yín.

Bí ẹ bá tún gba .deb mìíràn, apt ni kí ẹ gbé e fún. Láti ọdún 2015 ló ti lè ṣe é:

sudo apt install ./orúkọ-fáìlì.deb

Ẹ má fo ./ yẹn. Láìsí i, apt á rò pé orúkọ package (sọ́fítíwíà) kan nínú repository, ibi tí Debian kó sọ́fítíwíà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ ń pè, á sì ní òun ò rí i.