Inhaler búlúù kò dẹ́kun ikọ́ fée ọmọ? Ẹ wo bó ṣe ń fà á ná

Ìyá tó kọ̀wé láti Ẹ̀pẹ́, ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún márùn-ún, ń fa inhaler búlúù (salbutamol) ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ṣì ń dún fíìfíì. Ẹ wá ń bèèrè bóyá ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún yín. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń fà á.

Bí ẹ bá ki inhaler bọ̀ ọ́ lẹ́nu tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ oògùn yẹn máa ń lẹ̀ mọ́. Spacer ló yẹ ẹ́, ìyẹn ike oníhò tó máa ń wà láàárín inhaler àti ẹnu ọmọ. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ike omi 500 ml ń ṣe é. Ẹ tẹ wáyà sí ìrísí ẹnu inhaler, ẹ fi iná gbóná rẹ̀, ẹ fi lu ìdí ike náà kí inhaler wọ̀ ọ́ pinpin. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́, àṣedànù ni. Ẹnu ike ni ọmọ máa fi ètè dì mú. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀, nínù yẹn ló ń jẹ́ kí oògùn lẹ̀ mọ́ ike.

Kó jókòó, ẹ gbọn inhaler, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó mí sínú, kó mí síta láti ẹnu ike náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ tún gbọ̀n ọ́n kí ẹ tó tẹ ìkejì.

Bí ikọ́ fée bá gbé e, ìtẹ̀ méjì. Bí kò bá rọ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, àti lẹ́yìn 20 míì. Bó bá ti nílò ju ìtẹ̀ mẹ́fà lọ láàárín wákàtí méjì, ilé ìwòsàn yá. Ṣùgbọ́n bí ẹran ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí mu omi, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú tàbí tó ń tòògbé, ẹ má dúró ka ìṣẹ́jú: ẹ gbé e lọ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fún un lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, àdín kò gbọdọ̀ wọ ẹnu tàbí imú ọmọ tí mímí ń nira fún. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa bá lọ.

Búlúù kì í wo ohun tó wú nínú àyà, ó kàn ń ṣí ọ̀nà èémí ni. Bó bá ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ẹ bi dókítà nípa inhaler ìdènà, irú beclomethasone. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ìyẹn, kódà nígbà tí ara rẹ̀ dá. Kó fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ nǹkan funfun lè hù sí i lẹ́nu.

Èéfín ẹja yíyan ńkọ́? Bí ẹ bá ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé, kí ọmọ má sún mọ́ ibẹ̀ rárá, kí ẹ sì fi àwọ̀n rọ́pò kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹ tún máa ka ìtẹ̀: 200 ló sábà máa ń wà nínú agolo kan. Bí oògùn bá tán, gáàsì ṣì máa ń fọ́n jáde, ẹ ó rò pé oògùn ni.