Ṣé Ẹ̀wọ̀n Ni Ó Tọ́ Sí Ọmọ Ọdún 15?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 15 tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nítòsí ọjà Ouando, jí fóònù oníbàárà ọ̀gá rẹ̀. Inú àpò àjákù aṣọ ni a ti bá a, ó sì jẹ́wọ́. Olóhun ti gba ohun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí ọmọ náà ṣẹ̀wọ̀n, pé igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nígbà wo gan-an ni ó yẹ kí a rán ọmọdé lọ sí ẹ̀wọ̀n? — Ìyá oníṣòwò kan, Àjàṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú. Adájọ́ ni ó ń dá ènìyàn lẹ́wọ̀n, kì í ṣe ẹni tí wọ́n jà lólè, adájọ́ náà kò sì gbọdọ̀ ti orí ẹ̀wọ̀n bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní 1990, sọ ní abala 37 pé ìgbà tí ọ̀nà mìíràn bá ti tán ni kí a tó ti ọmọdé mọ́lé, kí ó sì jẹ́ fún ìgbà tí ó kúrú jù lọ tí ó bá ọ̀ràn náà mu. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lẹ́wọ̀n rárá. Láti 13 títí dé 18 ni iyè méjì wà.

Bí ọ̀ràn náà ti wúwo tó, àti bóyá ewu wà fún ẹlòmíràn bí ọmọ náà bá ń rìn kiri, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó yọ ọ̀bẹ sí ènìyàn, tàbí tí wọ́n ti fà lé òbí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì tún padà sídìí rẹ̀, yàtọ̀ sí ẹni tí fóònù orí tábìlì wọ̀ lójú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ yóò ní mo ń kẹ́ olè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá lo oṣù mẹ́fà láàárín àgbà ọ̀daràn, iṣẹ́ aránṣọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ni yóò kọ́ bọ̀ wálé.

Bí wọ́n bá ti mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ béèrè pé kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àgbà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ọ̀gá rẹ̀ bá yín lọ síwájú adájọ́, kí ó sọ bóyá òun yóò gbà á padà, kí òbí rẹ̀ sì dárúkọ ẹni tí yóò máa mójú tó o. Ẹ má gbàgbé ìwé ìbí rẹ̀ sílé, nítorí ọmọ tí ó bá síngbọnlẹ̀, tí kò sì ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n lè kà á mọ́ àgbà.