Èsì: Bí ìtọ́jú ìyá ṣe ń darí iṣẹ́ jíìnì nínú ọpọlọ

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè bí ohun tí ojú ọmọ rí ní kékeré ṣe lè yí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ padà, nígbà tí DNA rẹ̀, ìlànà ara tí ó jogún lọ́wọ́ òbí, kò yí padà. Àwọn àmì tó lẹ̀ mọ́ DNA ló ń yí padà. Ọ̀kan nínú wọn ni methyl. Bí ó bá pọ̀ níbi tí jíìnì, ìyẹn apá kan lára DNA, ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, jíìnì náà sábà máa ń dákẹ́.

Iṣẹ́ tó fi èyí hàn kedere jù lójú tèmi ni èyí tí Michael Meaney, Moshe Szyf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì McGill, ní Kánádà, gbé jáde ní 2004. Àwọn ìyá eku kan máa ń lá ọmọ wọn lára gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Nínú hippocampus, apá kan nínú ọpọlọ, àwọn ọmọ tí a lá dáadáa, methyl kò pọ̀ lára jíìnì tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé hómóònù ìpayà ti pọ̀ tó, nítorí náà ara wọn tètè máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìpayà. Nígbà tí wọ́n sì pààrọ̀ ọmọ fún àwọn ìyá náà, ìyá tó tọ́ ọmọ ni àmì náà tẹ̀ lé, kì í ṣe ìyá tó bí i. (Eku ni wọ́n fi ṣe é, mo bẹ yín, ẹ má fi dá ìyá kankan lẹ́bi.)

Àmì náà kò sì le bí òkúta: nígbà tí eku dàgbà, oògùn tó ń tú DNA sílẹ̀ lára histone, èròjà tí ó wé mọ́, pa ìyàtọ̀ náà rẹ́.