Èsì: Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ tó wà lóko lè bọ́ ara rẹ̀?

Màmá Kúbwà, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ lè wà lóko kí ó sì máa bọ́ ara rẹ̀, láìsọ ọmọ yín di alágbàṣe. Ó ṣeé ṣe. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ Solusi nítòsí Bulawayo, ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe òde òní, tí ìjọ Adventist dá sílẹ̀ ní 1894: orí ilẹ̀ oko gbígbòòrò ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, nítorí ìjọ náà gbà pé a gbọ́dọ̀ kọ́ orí, ọkàn àti ọwọ́ pa pọ̀. Àwọn náà ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlíṣàn tó di Babcock sílẹ̀ ní 1959.

Omi gan-an ni ìṣòro. Ní àríwá wa níbí, tí òjò máa ń dá fún oṣù mélòó kan láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, oko tí kò ní kànga-dẹ̀rọ tàbí adágún kò lè bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yípo ọdún. Àgbàdo inú àká ni wọn yóò gbára lé, àwọn adìẹ ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì máa bá wọn du ìyẹn náà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí omi wọn ti ń wá, kí ẹ sì béèrè bóyá wákàtí tí ọmọ bá fi ṣiṣẹ́ ń dín owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù. Bí kò bá dín in kù, alágbàṣe náà ni.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ má retí púpọ̀. Èmi tí mò ń gbé Bwari, nínú Àbújá, kì í rí i déédéé.